Àjídáná àti Oògùn Ọrùn Rẹ̀

Kò sí ẹni tó mọ iná bí Àjídáná ní gbogbo àdúgbò yẹn, òun náà sì mọ̀ pé kò sí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán láràárọ̀, òórùn búrẹ́dì rẹ̀ á ti gba gbogbo ojú pópó. Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ á yà, àwọn ọmọ iléèwé á tò síwájú fèrèsé, àwọn àgbàlagbà tí kò lè tètè jáde á sì ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n bá àwọn fi èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n dáadáa pamọ́.

Orúkọ tí àwọn òbí obìnrin yìí sọ ọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń pè é? Àjídáná ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí, torí pé òun ló ń jí dáná, òun nìkan ṣoṣo. Bàbá rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ààrò bíríkì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà. Nígbà tí bàbá fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, Àjídáná ló fa iná lé lọ́wọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀: òun ló ń po fùláwà, òun ló ń gé e, òun ló ń tò ó sínú páànù. Àbúrò náà mọ iṣẹ́ dójú àmì. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan iná, ẹ̀gbọ́n á ní kó sún sẹ́yìn.

Ẹ wá wo bó ṣe ń ṣe é. Kò ní ẹ̀rọ kankan tó ń wọn ooru. Bí igi bá ti jó di ẹyin iná, á kó ẹyin iná náà jáde, á fi àkísà tútù nu ilẹ̀ ààrò, á wá fi ìka bu fùláwà díẹ̀, á fọ́n ọn sórí bíríkì. Bí fùláwà náà bá dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ooru ti pọ̀ jù. Bó bá ṣì funfun, kò tíì tó. Bó bá rọra ń pọ́n bí èèpo ẹ̀pà, ó ti ṣe tán, ìgbà yẹn ló máa tó pe àbúrò rẹ̀ pé kó máa gbé páànù bọ̀. Àwọn oníbúrẹ́dì mìíràn tó ń lo ààrò iná mànàmáná máa ń wá wò ó, wọn á mi orí, wọn á lọ. Inú Àjídáná á sì máa dùn ṣìnkìn.

Ó wá di ọdún kan tí àìsàn fẹ́ gba iná náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Nígbà tó yá, ó di pé òtútù ń mú un níwájú ààrò, níbi tí àbúrò rẹ̀ ti ń làágùn. Ojú rẹ̀ wú, awọ ara rẹ̀ gbẹ, irun rẹ̀ ń já mọ́ kóòmù, ó ń sanra, bẹ́ẹ̀ kò jẹun tó ti tẹ́lẹ̀. Ohùn rẹ̀ há débi pé àwọn oníbàárà tó bá pè é lórí fóònù á ní, "Ẹ ǹlẹ́ sà, ẹ jọ̀ọ́, Àjídáná ńkọ́?" Lọ́jọ́ kan, wọ́n bá a lórí àpò fùláwà, ó ti sùn lọ, iná sì ti kú.

Àwọn kan ní ọjọ́ ogbó ló ń dé. Àwọn kan ní búrẹ́dì tí kò tà ló ń jẹ jù. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tó kàn tiwọn, kò gba èyíkéyìí nínú ẹ̀, ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tó rí i níbẹ̀ jẹ́ ọmọbìnrin tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, nígbà tí èsì sì dé, ó jókòó tì í, ó ṣàlàyé. Ó ní ẹ̀yà ara kékeré kan wà níwájú ọrùn gbogbo èèyàn tí wọ́n ń pè ní táírọ́ìdì. Òun ló ń tú oje kan sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ fún gbogbo ẹ̀yà ara bí wọ́n á ṣe yára ṣiṣẹ́ tó. Ti Àjídáná kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́. Oògùn wà tó lè rọ́pò oje náà, hóró kan lójúmọ́, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé títí ayé ni yóò máa lò ó.

Ó lò ó. Kò pẹ́ kò jìnnà, ara rẹ̀ yá gágá. Wíwú ojú rẹ̀ lọ sílẹ̀, ohùn rẹ̀ padà di ti obìnrin, ó tún ń jí dáná. Nígbà tí búrẹ́dì àkọ́kọ́ jáde lẹ́yìn àìsàn náà, àwọn oníbàárà pàtẹ́wọ́ lẹ́nu fèrèsé. Àjídáná gbé orí sókè bí ìyàwó tuntun.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Èèyàn tó bá mọ nǹkan kan dáadáa máa ń tètè rò pé òun mọ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kó má baà gbàgbé oògùn rẹ̀, Àjídáná wá ibi tó dára fún ike tí oògùn náà wà nínú rẹ̀. Ihò kékeré kan wà lára ògiri ààrò, níbi tí bàbá rẹ̀ máa ń fi ìṣáná sí kí ọ̀rinrin má baà mú un. Ibẹ̀ ló gbé oògùn sí. Bó bá ti na ọwọ́ sí ìṣáná láràárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á kan oògùn. Á fi omi gbé hóró kan mì, á dáná, kò sì ní fi nǹkan kan ẹnu títí iná á fi jó délẹ̀, torí dókítà ti sọ pé inú òfìfo ni kó máa lò ó, kó sì dúró tó bíi wákàtí kan kó tó jẹun. Ó ń tẹ̀ lé ìyẹn láìyẹsẹ̀. Ó tilẹ̀ ń fi yangàn fún àbúrò rẹ̀ pé ibi tí bàbá àwọn fi ìṣáná sí kò jẹ́ kí òun gbàgbé rí.

Ṣùgbọ́n ó ń rí nǹkan kan. Bí ike oògùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ apoògùn dé, ara rẹ̀ á yá. Bó bá ti pẹ́ díẹ̀, àárẹ̀ á tún máa yọ́ wọlé. Àjídáná kò bi ẹnikẹ́ni. Ó ní òun mọ ara òun bí òun ṣe mọ ààrò òun, bí ooru bá sì ti lọ sílẹ̀, igi lèèyàn ń kó sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ààbọ̀ hóró kún hóró kan. Nígbà tó yá, ó di odidi. Èyí tó bá dín, á lọ rà á fúnra rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn tó wà ní ìkòríta. Bí ike tuntun bá tún dé, tí àyà rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, á fo oògùn fún ọjọ́ díẹ̀. Bí ara bá tún wúwo, á fi kún un. Bí ọjọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá sì ń sún mọ́lé, á yára padà sórí hóró kan, bí ẹni tó ń gbálẹ̀ torí pé àlejò ń bọ̀.

Gbogbo èyí, dókítà kò mọ̀. Ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń rí, ohun tó ń rí kò sì yé e. Lọ́jọ́ tí Àjídáná tún lọ, ó to èsì àyẹ̀wò síwájú ara wọn lórí tábìlì, ó wò wọ́n títí. Èyí lọ sókè, èyí já wálẹ̀, èyí tún lọ sókè. Ó ní kí Àjídáná na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú. Àwọn ìka náà ń gbọ̀n.

"Màmá, ṣé bí mo ṣe sọ ọ́ náà lẹ ń lo oògùn yìí?"

"Bí ẹ ṣe sọ ọ́ náà ni."

"Hóró kan lójúmọ́?"

"Ọmọ mi, ṣé mo jọ ẹni tí kò mọ ení yàtọ̀ sí èjì?"

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun. Ó ní bí oògùn náà bá pọ̀ jù lára, ọkàn lè máa sáré kọjá àlà, ó lè máa lù ségesège, eegun pàápàá lè di ahẹrẹpẹ láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀. Ó ní kó padà wá kí wọ́n lè yẹ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù wò, kó kó gbogbo oògùn tó ń lò wá pẹ̀lú ike wọn. Títí dìgbà náà, ó ní kó fi ààrò sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, torí kò dára kí òòyì kọ́ ọ níwájú iná.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló gún Àjídáná lọ́kàn. Kó fi ààrò sílẹ̀? Ààrò bàbá rẹ̀? Ó ń bínú bọ̀ láti ilé ìwòsàn títí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní ọmọ tó ń tò síwájú fèrèsé òun pẹ̀lú báàgì iléèwé lẹ́yìn, tó jẹ búrẹ́dì òun dàgbà, ọmọ náà ló wá ń kọ́ òun bí òun ṣe máa tọ́jú ara òun. Ó ní òun kò ní padà lọ síbẹ̀ mọ́, òun máa wá dókítà mìíràn tó mọ àgbà yàtọ̀.

Ọkọ rẹ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó ń yí táyà kẹ̀kẹ́ kan lọ́wọ́, ó ń wò bóyá ó ń mì.

"Èmi ò mọ̀wé oògùn o," ló wí. "Ṣùgbọ́n bí o bá sùn tì mí, ìbùsùn ń mì tìtì. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń mì bẹ́ẹ̀, mi ò ní jẹ́ kí olówó ẹ̀ gùn ún jáde níbí."

Àjídáná pòṣé, ó ní èèyàn kọ́ ni kẹ̀kẹ́. Ó fi àáké kọ́rí. Àbúrò rẹ̀ ń fọ páànù lẹ́yìn. Ó kàn ń wo ihò ara ààrò.

Láàárín àsìkò náà ni iléèwé àdúgbò fẹ́ gba àlejò, wọ́n sì ní kí Àjídáná bá wọn ṣe búrẹ́dì tó ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Inú rẹ̀ dùn sí i gan-an. Ike oògùn tuntun sì ti wà nílẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí agbára rẹ̀ lè gbé iṣẹ́ náà, ó ti ń lo hóró méjì méjì láti ìgbà tí iṣẹ́ náà ti dé. Ó ń làágùn bí ẹni tó sáré, oorun kò kùn ún mọ́, aṣọ rẹ̀ ń tú lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní okun ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí iléèwé ń retí búrẹ́dì, ó dáná, iná jó, ó di ẹyin iná. Ó kó o jáde, ó nu ilẹ̀ ààrò. Ó bu fùláwà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé orí bàtà rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù dà sí. Ó tún un bù. Ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, kì í ṣe bó ṣe máa ń sáré, ó ń sáré, ó ń kọsẹ̀, ó tún ń sáré. Ojú rẹ̀ ṣú. Ó fẹ́ fara ti ògiri, ṣùgbọ́n ẹnu ààrò ló wà níbi tó rò pé ògiri wà.

Àbúrò rẹ̀ ju páànù sílẹ̀, ó gbá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mú látẹ̀yìn, ó fà á. Àwọn méjèèjì jókòó sílẹ̀ láàárín fùláwà. Àjídáná gbọ́ òórùn irun, ó fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó rí i pé tirẹ̀ ló jóná díẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ti gbọ́ ariwo páànù, ó ti dé. Ó ní ilé ìwòsàn ló kàn, lẹ́sẹ̀ kan náà. Àjídáná ń mí helehele, síbẹ̀ ó ń bèèrè pé ta ló máa ṣe búrẹ́dì iléèwé.

"Ẹ máa lọ," àbúrò rẹ̀ wí. "Èmi á ṣe é."

"Ìwọ? Iná ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rò pé mo ń sùn níbí ní gbogbo ọdún wọ̀nyí ni? Ẹ kì í kó igi sí ààrò yìí lẹ́ẹ̀kejì láìfọ́n fùláwà kọ́kọ́. Ẹ máa ń dúró kó fún yín lésì. Oògùn yín wá ńkọ́, kí ló dé tí ẹ kì í dúró de ìyẹn? Ìṣojú mi ni gbogbo ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Mo rí ààbọ̀, mo rí odidi, mo rí ọjọ́ tí ẹ ò lò ó rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òtítọ́ fún dókítà."

Ó na ọwọ́ sínú ihò, ó mú ike oògùn náà, ó fi lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Ike náà gbóná. Àjídáná dì í mú, ó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ jáde.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ìbùsùn, wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà láti yẹ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù wò. Dókítà náà ló dúró tì í. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, Àjídáná ní kí ọkọ òun bọ́ síta ná. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, kò fi igbá kan bọ̀kan nínú: ààbọ̀ hóró, odidi hóró, èyí tó ń lọ rà, ọjọ́ tó ń fò ó, bó ṣe ń tún ilé ṣe kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó dé. Ojú tì í bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì ń retí kí ọmọbìnrin náà bá a wí.

Dókítà kò bá a wí. Ó ń wo ike oògùn náà. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti tẹ̀ wọlé, ìdérí rẹ̀ kò sì lè dé dáadáa mọ́.

"Màmá, níbo lẹ ń fi oògùn yìí sí?"

"Lára ààrò. Ibi tí bàbá mi máa ń fi ìṣáná sí."

Dókítà gbé ọwọ́ lé orí. Ó jókòó sórí ìbùsùn náà, ó sì ṣàlàyé ohun tó ti ń fojú wọn rí màbo látọjọ́ yìí. Ó ní oògùn yìí kò fẹ́ràn ooru. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ apoògùn dé, agbára rẹ̀ pé. Bó bá ti ń pẹ́ lára ààrò, ooru á máa jẹ agbára náà díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àárẹ̀ ṣe ń padà wá bí ike bá ń lọ sópin. Àjídáná á wá fi kún un, ike tuntun á dé pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, òun kò sì ní dín in kù títí àyà rẹ̀ á fi máa lù.

"Iná tí mo mọ̀ yìí náà ló ń se oògùn mi?" Àjídáná bèèrè.

"Òun náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Mo bi yín léèrè iye tí ẹ ń lò, mi ò bi yín léèrè ibi tí ẹ ń gbé e sí. Mo sì mọ ààrò yẹn, mo ti tò síwájú ẹ̀ rí."

Ó wá sọ èyí tó kù. Ó ní oògùn yìí kì í yára wọ ara, kì í sì í yára kúrò. Bí wọ́n bá yí ìwọ̀n rẹ̀ padà lónìí, ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ẹ̀jẹ̀ tó lè sọ ibi tó dúró sí. Ẹni tó bá ń fi kún un lọ́sẹ̀ yìí, tó ń yọ nínú ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò lè mọ ibi tó wà láé, dókítà rẹ̀ náà kò sì lè mọ̀.

Àjídáná dìde jókòó, pẹ̀lú wáyà láyà.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ bí bíríkì ṣe ń ṣe fún yín," ló wí. "Èèyàn á dáná sí i, kò ní fèsì. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní kò tó, á tún kó igi sí i. Bíríkì á ṣì máa fa ooru mu ni. Ìgbà tó bá máa fèsì, á fèsì lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo búrẹ́dì á sì di èédú. Bàbá mi ló kọ́ mi pé kí n máa dúró. Mo sì ń dúró, ibi ààrò nìkan ni mo ti ń dúró."

"Ẹ ti sọ ọ́ jù mí lọ," dókítà wí. "Màá máa fi ṣàlàyé fún àwọn yòókù, bí ẹ bá gbà mí láàyè."

Àjídáná gbà á láàyè. Ó tún gbé orí sókè díẹ̀, kódà lórí ìbùsùn ilé ìwòsàn.

Dókítà fún un ní oògùn tó máa mú ọkàn rẹ̀ rọlẹ̀, ó sọ ọjọ́ tí yóò padà sórí hóró kan fún un, ó sì ní kí wọ́n dá a dúró di ọjọ́ kejì kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ. Ó ní òun kò fẹ́ gba ìtọ́jú ara rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń gbé oògùn mì lójoojúmọ́ náà ló ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀. Òun á máa sọ ìwọ̀n, Àjídáná á máa sọ òtítọ́, wọ́n á sì jọ máa wo ẹ̀jẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àbúrò rẹ̀ wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára, èéfín ní gbogbo ojú. Ó yọ búrẹ́dì kan nínú aṣọ funfun, ó gbé e fún un. Àjídáná gbà á, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi ìka gbá ìdí rẹ̀, ó tẹ́tí sí i. Ó bù ú sí méjì, ó gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n dọ́gba, inú rẹ̀ jinná, kò sí ibi tó jóná.

"Ta ló dáná yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo fọ́n fùláwà?"

"Títí ó fi pọ́n. Àwọn ará iléèwé pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó jẹun, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ẹ́ tán."

Omi bọ́ lójú Àjídáná, kò sì nù ún. Ó ti ń gbé iná náà bí ẹyin láti ọjọ́ yìí, ó rò pé bí òun kò bá sí, iná ti kú nìyẹn. Ó fa àbúrò rẹ̀ mọ́ra, èéfín àti gbogbo rẹ̀, ó sì sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń kọjá lọ pé kó wá wo ẹni tó dáná búrẹ́dì iléèwé lónìí.

Nígbà tó padà sílé, ó gbé ike oògùn tuntun sínú kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá, níbi tó tutù tó sì gbẹ, pẹ̀lú ife omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fóònù ló ń rán an létí báyìí. Kò rọrùn o. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ara rẹ̀ wúwo bí àpò fùláwà tó tutù, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń lọ síbi ìdérí ike. Ó dá ọwọ́ náà dúró. Ó pe ilé ìwòsàn lórí fóònù dípò rẹ̀, ó ṣàlàyé bó ṣe rí lára rẹ̀. Wọ́n ní kó ṣe sùúrù títí di ọjọ́ àyẹ̀wò, wọ́n sì sọ irú àmì tó bá rí tó fi gbọ́dọ̀ máa bọ̀ kíákíá. Oníbàárà kan tún fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, irú èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i lára, kó lè lágbára. Kí ó tó ṣí i, ó lọ bá apoògùn. Apoògùn ní kó má lo méjèèjì pa pọ̀, kó fi bíi wákàtí mẹ́rin sáàárín wọn, kí oògùn ẹ̀jẹ̀ má baà dí oògùn ọrùn lọ́nà. Àjídáná rò ó pé ká ní ti tẹ́lẹ̀ ni, òun ì bá ti gbé méjèèjì mì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò gbálẹ̀ fún àlejò kankan. Dókítà wo èsì náà, ó yí i sí Àjídáná, ó fi ìka hàn án. Ó dúró síbi tó yẹ kó dúró sí. Èyí tó tẹ̀ lé e náà dúró síbẹ̀. Ìka rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́, ọkàn rẹ̀ ń lù jẹ́jẹ́, ìbùsùn ọkọ rẹ̀ kò mì mọ́, ọkọ sì ti sọ fún gbogbo ẹni tó gbé kẹ̀kẹ́ wá.

"Màmá, iṣẹ́ ọwọ́ yín nìyí," dókítà wí. "Èmi kàn kà á ni."

Àjídáná mú ọ̀rọ̀ yẹn lọ sílé, ó sì sọ ọ́ fún ẹni tó bèèrè àti ẹni tí kò bèèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bóyá ẹ̀yin náà ń lo oògùn táírọ́ìdì, tàbí ẹnìkan nínú ilé yín ń lò ó. Ẹ jẹ́ kí ohun tí ojú Àjídáná rí kọ́ yín lọ́gbọ́n. Ìwọ̀n tí dókítà bá sọ ni kí ẹ lò, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, pẹ̀lú omi, nígbà tí inú yín ṣì ṣófo. Bí ara yín bá yá, ẹ má fi sílẹ̀, torí òun ló jẹ́ kó yá. Bí ara bá sì wúwo, ẹ má fi kún un fúnra yín, ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti lè yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kí ẹ sì fún oògùn náà láyè kó fèsì. Ẹ fi í síbi tó tutù tó sì gbẹ, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ iná, kì í ṣe ojú fèrèsé tí oòrùn ń pa, kì í ṣe inú ọkọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lo oògùn mìíràn, pàápàá oògùn ẹ̀jẹ̀ tàbí èyí tó ń mú eegun le, ẹ bi apoògùn léèrè kọ́kọ́. Obìnrin tó bá lóyún, kó tètè lọ sọ fún dókítà, torí ìwọ̀n tirẹ̀ lè yí padà. Ẹ má fún ẹlòmíràn nínú oògùn yín, bó ti wù kí onítọ̀hún fẹ́ fi dín sísanra kù tó. Bí ọkàn yín bá ń sáré tàbí tó ń lù ségesège, tí àyà ń dùn yín, tí èémí kò tó yín tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ má dúró de ọ̀la.

Bí dókítà bá sì ń bẹ̀rù nítorí yín, ẹ má kà á sí ìwọ̀sí. Ẹ jókòó, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan èyí tó ń tì yín lójú, kí ẹ sì bi í ní gbogbo ohun tí kò bá yé yín. Òtítọ́ yín ni ìdajì ìtọ́jú náà, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè mú un wá.

Àjídáná ṣì ń jẹ́ Àjídáná. Dókítà rẹ̀ máa ń yà níwájú fèrèsé bó bá ń lọ síbi iṣẹ́, ó máa ń tò bí gbogbo èèyàn, Àjídáná sì máa ń fi èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n dáadáa pamọ́ fún un. Ìṣáná nìkan ló wà nínú ihò ara ààrò báyìí. Láwọn àárọ̀ kan, ọwọ́ àbúrò ló ń na síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n á sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ife omi rẹ̀, á máa wo fùláwà bó ṣe ń pọ́n, á sì máa sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé pé, "Àbúrò mi ló dáná lónìí."